Ọdún mẹ́sàn-án tí mo fi ń tọ́jú ọ́lsà tí mi ò ní

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tí a jọ ń tajà ní Sábó níbí, ní Ṣágámù, ṣàdédé di àyà ẹ̀ mú lójú mi, ó ní ọ́lsà òun (egbò inú ikùn) ti tún dé, ló bá ki ọwọ́ bọ báàgì, ó yọ ìgò oògùn funfun tó dà bíi mílíìkì yẹn, ó gbé e sẹ́nu ó ń gbé e mì, kò fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, kò fi ìdérí wọ̀n ọ́n. Mo dúró, mo ń wò ó. Ara mi ni mo rí. Bí èmi náà ṣe ń ṣe nìyẹn fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko, ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn, ẹ bá mi fi sùúrù kà á torí ó gùn.

Obì ni mò ń tà. Ìyá mi ló kọ́ mi, ìyá tiwọn ló kọ́ àwọn náà. Ẹni tó bá mọ Rẹ́mọ á mọ̀ pé iṣẹ́ obì ti pẹ́ lọ́wọ́ wa, obì náà ló kó àwọn Hausa wá sí Sábó, gbànja tó ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ sókè Ọya kì í ṣe kékeré. Ẹni tó ń ta obì ò lè ṣe kó má jẹ ẹ́. Tí mọ́tò bá máa gbéra ní ìdájí, ńṣe la máa ń ṣa obì mọ́jú, a ó yọ èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀, a ó fi ewé tútù tẹ́ agbọ̀n, a ó wá tò ó, obì náà la sì fi ń lé oorun, mo lè jẹ awẹ́ mẹ́fà méje kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ebi bá wá dé lóru, gààrí Ìjẹ̀bú ni, ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa ń kan tó, omi tútù, ṣúgà, ẹ̀pà, ó ti parí. Lẹ́yìn ìyẹn màá na ẹ̀yìn sórí àpò fún bíi wákàtí kan. Obì, ikùn tó kún, ìdùbúlẹ̀. Mi ò mọ̀ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa ń dá omi kíkan pa dà sí èèyàn lọ́fun, èmi sì ń ṣe wọ́n pọ̀ lóru kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn ọmọ mi kẹta ló bẹ̀rẹ̀, ọmọ ọdún 34 ni mí nígbà yẹn. Iná ni. Iná kan tó máa ń gbéra láti ìsàlẹ̀ àyà, lẹ́yìn egungun tó wà láàárín gan-an, á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí dé ọ̀fun, ẹnu mi á wá kan bíi pé mo lá irin. Mo lọ sí kẹ́míìsì. Ẹni tí mo bá níbẹ̀ ò bi mí ju ìbéèrè kan lọ, "ṣé àyà ló ń ta yín, mà?" mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní ọ́lsà ni. Bí mo ṣe gba orúkọ yẹn nìyẹn, tí mo sì ń jẹ́ ẹ. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún náà ló ní ọ́lsà, kálukú ló sì ní oògùn tiẹ̀ lọ́wọ́.

Oògùn funfun yẹn ò burú o, mi ò ní bà á lórúkọ jẹ́, lójú ẹsẹ̀ ló máa ń pa omi kíkan tó bá wà nílẹ̀, àmọ́ kò ní pẹ́ tí òmíràn á fi dé, èyí tó ní magnesium nínú sì máa ń yà mí nígbẹ̀ẹ́. Mo lo ranitidine, oògùn tó máa ń dín omi kíkan kù, fún bí ọdún mẹ́rin, títí di 2020 tí FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ kúrò lọ́jà torí kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ NDMA tí wọ́n bá nínú ẹ̀, tí wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ. Mi ò sùn lóru ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ. Mo rẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tútù sómi, mò ń mu omi ẹ̀ láràárọ̀. Mo mu omi kábéèjì. Ìyá àgbà kan bá mi wá àgbo, ògógóró ni wọ́n fi rẹ ẹ́, ife kékeré kan péré ni mo mu, bíi kí ẹnìkan ṣáná sí mi lọ́fun ló rí. Gbogbo àsìkò yìí náà, ẹ̀yìn ń dùn mí torí agbọ̀n obì tí mò ń gbé, ibuprofen àti diclofenac ni mo sì ń lò sí i, nígbà míì láìjẹun, mi ò mọ̀ pé àwọn oògùn ìrora yẹn gan-an máa ń dá egbò sí ikùn. Ẹni tó ń pariwo ọ́lsà kiri, òun ló tún ń gbé nǹkan tó lè fa ọ́lsà mì.

Lẹ́yìn ranitidine, omeprazole ló kàn, oògùn míì tó ń dín omi kíkan kù. Bí mo ṣe ń lò ó: màá jẹun yó tán, tí àyà bá wá ń jó mi, màá gbé hóró kan mì. Ẹ fi ibí yìí sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá bá a.

Ìjẹ̀bú-Òde ni ilé bàbá àwọn ọmọ mi. Ní 2023 a lọ síbẹ̀ fún Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, a wọ aṣọ ẹgbẹ́, oòrùn pa wá, àwọn ẹlẹ́ṣin kọjá, ó dùn gan-an. Alẹ́ ni wàhálà dé. Ìyá ọkọ mi ti se ìkọ́kọrẹ́, epo ń dán lórí ẹ̀, ẹja gbígbẹ wà ńbẹ̀, ata ò gbẹ́yìn, ẹran àgbò ọlọ́ràá tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Aago mẹ́wàá ti kọjá kí n tó jẹun tán, nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá mo ti wà lórí ẹní.

Nǹkan bí aago méjì òru ni mo ta jí, mi ò lè mí. Omi kíkan ti gba ọ̀fun mi jáde, ó gba imú, ata ìkọ́kọrẹ́ yẹn gan-an ló ń ta mí nínú imú, ikọ́ ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Bí ìyẹn ṣe ń rọlẹ̀ ni àyà mi wá fún pọ̀, bíi kí èèyàn jókòó lé mi láyà. Bàbá àwọn ọmọ mi ò wọ bàtà tí wọ́n fi gbé mi sínú mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ti fi àyà kú lójijì lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ohun kan náà ló wà lọ́kàn àwa méjèèjì lójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀.

Wọ́n lẹ wáyà ECG, èyí tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, mọ́ mi láyà, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní ọkàn mi dáa. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, àyà tó bá ń fún pọ̀, ẹ má jókòó sílé kí ẹ máa pè é ní ọ́lsà. Kí wọ́n kọ́kọ́ wo ọkàn yín ná. Kò sẹ́ni tó lè fi ojú lásán ya méjèèjì sọ́tọ̀, dókítà pàápàá ò lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n.

Dókítà tó wà níbẹ̀ lóru yẹn kéré sí àbúrò mi tó kéré jù, ọmọbìnrin ni. Ó fa àga, ó jókòó tì mí. "Mummy, ṣé omi kíkan máa ń wá sí yín lẹ́nu tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Kí lẹ máa ń ṣe tó fi máa ń pọ̀ jù?" Mo ronú, kí n tó yanu ló ti yé mi: ìgbà tí mo bá tẹ̀ ba lórí agbọ̀n obì ni. Ọdún mẹ́sàn-án, ẹnikẹ́ni ò bi mí rí, èmi náà ò bi ara mi. Ó bi mí nípa ikọ́ òru, ó bi mí bóyá ohùn mi máa ń há láàárọ̀, ó ní ṣé oúnjẹ máa ń há mi lọ́fun, ṣé mo ti bi ẹ̀jẹ̀ rí, ṣé ìgbẹ́ mi ti dúdú bí ọ̀dà rí, ṣé mò ń rù láìnídìí. Mo ní rárá sí mẹ́rin tó gbẹ̀yìn yẹn. Ó ní, "Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mà. Ká ní ọ̀kan nínú wọn wà, endoscopy, ìyẹn kí wọ́n ti ẹ̀rọ gba ọ̀fun wo inú ikùn, ni ǹ bá ní kí ẹ lọ ṣe kíá, mi ò ní fún yín lóògùn kí ẹ máa lọ sílé."

Mo dá dúró níbi ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀. Bàbá kan wà ládùúgbò wa, ẹ̀bà bẹ̀rẹ̀ sí í há wọn lọ́fun, wọ́n yí sí ẹ̀kọ, ẹ̀kọ náà tún ń há, oògùn funfun ni wọ́n ń mu fún oṣù méje, wọ́n ní ọ́lsà ni. Ìgbà tí wọ́n máa fi yẹ̀ wọ́n wò, jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ni, ó ti kọjá agbára dókítà. Èmi ni mo ra ìgò méjì nínú oògùn funfun yẹn fún wọn. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Dókítà yẹn wá ya àwòrán sí ẹ̀yìn bébà kan. Ó ní ibi tí ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà, ti wọ inú ikùn, iṣan kan wà níbẹ̀ tó dà bí ẹnu àpò tí wọ́n fi okùn fà, tí oúnjẹ bá ń lọ á ṣí, á tún fà pa dà. Ti ẹlòmíì á dẹ̀. Ikùn ní ohun tó fi ń dáàbò bo ara ẹ̀ lọ́wọ́ omi kíkan, ọ̀nà ọ̀fun ò ní, nítorí náà tí omi yẹn bá ti gòkè, á máa bó o, reflux ni wọ́n ń pè é. Ó ní kò túmọ̀ sí pé omi kíkan tèmi pọ̀ ju ti ẹlòmíì lọ, ibi tí kò yẹ kó dé ló ń dé.

Ó kọ omeprazole 20 mg fún mi. Mo ní mo ti ń lò ó tẹ́lẹ̀, kò ṣe nǹkan kan. Ó ní báwo lẹ ṣe ń lò ó, mo sọ fún un, ó mirí. Ó ní láàárọ̀ ni, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí n tó jẹun, lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, àyà ì bá à jó mi, kó má jó mi. Oúnjẹ ló máa ń jí àwọn nǹkan kéékèèké tó ń tú omi kíkan sínú ikùn, oògùn yẹn gbọ́dọ̀ ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó jí, kó lè dè wọ́n mọ́lẹ̀. Èmi tí mò ń gbé e mì lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n ti ṣiṣẹ́ wọn tán kí oògùn tó dé. Oògùn kan náà ni o, ilé iṣẹ́ kan náà, iye kan náà. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí iná yẹn fi rọlẹ̀, mo jẹ mọ́ínmọ́ín lọ́jọ́ kan tí nǹkan kan ò ṣe mí, mo jókòó sí ilé ìdáná mo sunkún.

Àmọ́ òru ò dáa tó. Omi ṣì ń gòkè. Kò kan tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gòkè, ikọ́ ṣì ń jí mi. Ohun tó yé mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí, òun ni mo sì fẹ́ kí ó yé yín: oògùn máa ń mú kíkan kúrò nínú omi, kò lè so ẹnu àpò. Tí ìrora ìjóná ló ń dà yín láàmú, oògùn tí ẹ lò bó ṣe yẹ lè tó. Tó bá jẹ́ pé oúnjẹ àti omi ló ń pa dà wá sókè, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn, kí ẹ má bínú sí oògùn pé kò ṣe ohun tí wọn ò dá a láti ṣe.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣe pé ni wọ́n ní kí n lọ ṣe endoscopy ní ọsibítù ńlá kan nítòsí ilé. Owó agbọ̀n obì méjì ló lọ sí i. Wọ́n ní kí n dá omeprazole dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, torí wọ́n fẹ́ wo kòkòrò Helicobacter, oògùn náà sì lè mú kí wọ́n má rí i. Kòkòrò yẹn ni Barry Marshall, dókítà ará Ọsirélíà, gbé mu fúnra ẹ̀ ní 1984 kó lè fi hàn pé ó máa ń ba ikùn jẹ́, òun àti Robin Warren sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005, kó tó dìgbà yẹn ìrònú àti ata ni wọ́n máa ń di ẹ̀bi ọ́lsà rù. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sẹ̀ méjì yẹn! Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi pé téèyàn bá ti lo oògùn yẹn pẹ́, tó wá dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ikùn lè máa tú omi kíkan ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fún ìgbà díẹ̀. Orí àga ni mo ti sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà mi ò jẹ, mi ò mu. Wọ́n fọ́n nǹkan kíkorò kan sí mi lọ́fun, ọ̀fun kú. Nọ́ọ̀sì ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, ó fi ike sí mi láàárín eyín, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ máa fi imú mí, Mummy, ẹ jẹ́ kí itọ́ máa ṣàn, ẹ má gbé e mì." Nǹkan tí wọ́n tì bọ̀ mí lọ́fun tó ìka ọwọ́ mi ní nínípọn. Èébì ń gbé mi, omijé ń dà, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi parí. Mo rí i lójú ẹ̀rọ fúnra mi, ọ̀nà ọ̀fun mi pupa, àwọn ìlà egbò tẹ́ẹ́rẹ́ wà lára ẹ̀ bíi pé ológbò fi èékánná fà á. Wọ́n kọ ọ́ sí bébà pé grade B, ìpele kejì nínú mẹ́rin. Wọ́n ní apá òkè ikùn mi ti yọ gba ihò tó pààlà àyà àti ikùn, sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní hiatus hernia, òun ni kò jẹ́ kí ẹnu àpò fà dáadáa. Kò sí Helicobacter. Awọ ibẹ̀ ò tíì yí pa dà di ohun tí wọ́n ń pè ní Barrett, tó lè di jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú. Kò sí ọ́lsà. Wọ́n wò ó wọ ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, kò sí ọ́lsà, kò sí àpá ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ wá dé. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí n ṣe é kí n lọ sinmi, ó tiẹ̀ sọ nípa òrùka mágnẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n máa ń so mọ́ ibẹ̀, tí FDA fọwọ́ sí ní 2012. Màámi ní kò sẹ́ni tó máa fi ọ̀bẹ kan ọmọ àwọn nítorí àyà tó ń jó o. Èmi lọ bá oníṣẹ́ abẹ fúnra mi, mo kọ ìbéèrè mọ́kànlá sínú ìwé, ó sì dáhùn gbogbo ẹ̀. Ó ní Rudolf Nissen, ará Jámánì, ló dá iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ láàárín ọdún 1950 sí 1960: wọ́n á fa hernia náà pa dà sísàlẹ̀, wọ́n á rán ihò yẹn kó kéré, wọ́n á wá fi òkè ikùn wé ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun bí ìgbà tí èèyàn wé ìborùn mọ́rùn. Nísinsìnyí wọ́n lè gba àwọn ojú ihò kéékèèké ṣe é. Ó máa ń so ẹnu àpò ní tòótọ́. Àmọ́ kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n á ti wáyà tín-ín-rín gba imú, á wà níbẹ̀ fún wákàtí 24 kó lè ka bí omi kíkan ṣe ń gòkè sí, wọ́n á tún wọn bí ọ̀nà ọ̀fun ṣe ń ti oúnjẹ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, oúnjẹ lè máa há èèyàn lọ́fun fún ìgbà díẹ̀, gáàsì lè kún inú, ẹlòmíì ò ní lè gùnfẹ̀ bó ṣe fẹ́, ẹlòmíì á sì tún pa dà sídìí oògùn lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan. Mo bi í pé, ká ní ìyá yín ni mí ńkọ́? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Màá ní kí ẹ kọ́kọ́ ṣe ohun tí ẹ ò tíì ṣe."

Ohun tí mi ò tíì ṣe pọ̀. Ìrọ̀rí ni mo kọ́kọ́ ń tò jọ, mẹ́ta, mẹ́rin, ó kàn ń ká mi níkùn ni, ó sì ń tẹ ikùn mọ́ àyà. Bẹ́ẹ̀dì fúnra ẹ̀ ló yẹ kó ga níbi orí. Káfíńtà kan ní Màkún gé igi méjì fún wa, íńṣì méje, ó gbẹ́ ojú ihò sí i kí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì má baà yọ̀. Mo bẹ bàbá àwọn ọmọ mi pé mo mọ̀ pé kò ní rọrùn fún yín, wọ́n ní, "Tí ìwọ bá ti ń sùn, èmi náà á sùn." Ẹ̀gbẹ́ òsì ni mo máa ń fi sùn báyìí, torí bí ikùn ṣe tẹ̀ nínú, tí èèyàn bá fi òsì sùn, ẹnu ọ̀nà yẹn á ga ju omi tó wà nísàlẹ̀ lọ. Mo ń jẹun alẹ́ kí aago méje tó lù. Mo fi kílò mẹ́sàn-án sílẹ̀ láàárín ọdún kan. Tábìlì ni mo ti ń ṣa obì báyìí, mi ò tẹ̀ ba mọ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń gbé agbọ̀n.

Obì ló le jù. Kaféènì inú ẹ̀ máa ń mú kí ikùn tú omi kíkan sí i, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé fún oṣù kan, ọjọ́ tí mo bá jẹ obì, òru ọjọ́ náà ò ní dáa, kò yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Gààrí Ìjẹ̀bú ọ̀sán, díẹ̀, kò ṣe mí ní nǹkan kan o, ti alẹ́ ni mi ò lè mu, ata díẹ̀ náà ò ṣe mí tó bí mo ṣe rò, nítorí náà ẹ má fi ìwé tèmi lé oúnjẹ jáde nílé yín, ẹ kọ tiyín. Ṣùgbọ́n obì, mo ti fi í sílẹ̀. Tí a bá wà níbi ìsọmọlórúkọ tí wọ́n ń wúre pé obì ní í bi ikú, tí wọ́n bù ú kan èmi náà, mo máa ń fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, màá ṣe àmín, màá wá fi ìdí ìró so ó. Ilé ni mo máa ń gbé e dé fún Màámi.

Ìpinnu tí mo ṣe ni pé mi ò ní ṣe iṣẹ́ abẹ báyìí. Omi tó ń gòkè lóru ti dín kù láti bí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ sí bí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ìyẹn ṣeé fara dà fún mi. Omeprazole 20 mg ni mo ṣì ń lò, mo gbìyànjú láti dín in kù díẹ̀díẹ̀, egbò yẹn ò gbà, dókítà ní kí n máa lò ó, kí wọ́n sáà máa yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò fún magnesium àti fítámínì B12, torí lílò ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ lè mú wọn wálẹ̀, ó sì lè nípa lórí egungun. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ẹ̀rù egbò tí mo fojú ara mi rí lójú ẹ̀rọ ló pọ̀ jù. Tí ikọ́ òru bá tún pa dà, tàbí tí omi yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, màá pa dà lọ bá oníṣẹ́ abẹ yẹn, mo ti sọ fún Màámi, wọ́n ti gbà.

Obìnrin tí mo sọ̀rọ̀ ẹ̀ lókè yẹn, mo bi í ní ìbéèrè tí dókítà bi mí lóru Ojúde Ọba, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé orí oúnjẹ tó ń há lọ́fun, ó dákẹ́. Ó ní láti bí oṣù méjì, iyán nìkan ló ń há òun. Ọjọ́ Tuesday ni a jọ ń lọ sí ọsibítù, mo ti ní kó kọ gbogbo oògùn tó ti lò sínú ìwé, títí kan àgbo.